Ilé Àwọn Ọ̀rẹ́ Ẹran

"Ta ló gbé Olójúkan?"

Barakatou kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi béèrè. Agbọ̀n abẹ́ fèrèsé ti ṣófo. Àkísà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ sínú rẹ̀ lánàá ṣì wà níbẹ̀, irun funfun lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹja inú àwo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń rùn, eṣinṣin sì bò ó débi pé èèyàn ò rí ẹja mọ́.

Théophile jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òórùn ilé kì í dé. Akọ̀wé ìjọba ni. Bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, a máa wá bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Màmá Clémentine, bójú tó ilé àwọn ológbò. Kò fọwọ́ kan ológbò kankan rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ.

"Ẹ káàsán, Ìyá Sikirou," ó dá Barakatou lóhùn. "Ẹ bá wa yọ̀. Olójúkan ti rí ìdílé tó máa fìfẹ́ gbà á mọ́ra."

"Ìdílé wo?"

"Misié Célestin, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní àdúgbò Akron. Ọkùnrin tó lójú àánú ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí tó ń gba ológbò lọ́wọ́ wa."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta? Kí ló fi àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣe?"

"Ó ń tọ́jú wọn ni. Àwọn kan wà tí ìfẹ́ inú wọn kì í tán."

Barakatou wo ẹnu rẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá ti ń sọ̀rọ̀, ó máa ń ṣe Barakatou bíi pé ẹnì kan ń da oyin sí i lọ́rùn.

Ilé Màmá Clémentine ní àdúgbò Dowa kì í ṣe ilé tí èèyàn ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tún máa wù ú láti wọlé. Opó olùkọ́ ni màmá. Òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ilẹ̀ Faransé pẹ́, ìgbà tí òmìnira dé ni wọ́n padà wá sí Àjàṣẹ́. Ọkọ kú, ìyàwó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ológbò jọ nínú kòtò omi, lórí ààtàn, àti nínú àpò tí àwọn èèyàn so lẹ́nu kí wọ́n tó jù ú nù. Ìtọ̀ ológbò ti wọ ara ògiri. Òmíràn ń ya ìgbẹ́ tó kún fún aràn. Làpálàpá ti jẹ irun òmíràn dé egungun. Àwọn obìnrin àdúgbò a wá ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n a fi aṣọ bo imú, a ò sì ní rí wọn mọ́.

Barakatou nìkan ni kò sá. Kì í ṣe pé òórùn náà ò rí i lára. Aránṣọ ni, yàrá kan ló ní ní Djègan-Kpèvi, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń ránṣọ. Eku sì ti sọ aṣọ àwọn oníbàárà di oúnjẹ. Aṣọ ìgbéyàwó kan ni wọ́n jẹ nídìí, tí ìyàwó tó ni ín fi ẹkún gba gbogbo àdúgbò. Ológbò kan ṣoṣo ni Barakatou wá gbà. Ó rí funfun kan tó ní àbààwọ́n dúdú létí, ọyún di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ ojú náà lójoojúmọ́ títí ọ̀kan fi là. Èkejì fọ́. Ó ní ẹran yìí lòun fẹ́.

Lọ́jọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀, Théophile ní kó jókòó, ó ní ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ẹran ní ìbéèrè.

"Ṣé ẹ fẹ́ràn ẹran?"

"Èwo nínú ẹran?"

"Gbogbo ẹran."

"Rárá o. Mi ò fẹ́ràn ajá. Bí mo bá rí ewúrẹ́ aládùúgbò mi mú, yóò mọ̀ mí lọ́jọ́ náà. Ológbò yìí ni mo fẹ́, kó lè bá mi pa eku."

Théophile mi orí. Ó ní ìfẹ́ rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀, yàrá rẹ̀ sì kéré jù. Kó ní sùúrù, kó máa wá ṣèrànwọ́ títí ẹgbẹ́ yóò fi tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Barakatou sì ń wá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a gbé ẹja wá láti ọjà, a fọ egbò, a palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́. Olójúkan sanra. Ìrù rẹ̀ ki.

"Níbo gan-an ni Akron?" ó wá bi Théophile lónìí.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kò dáa ká lọ máa yọ ìdílé tuntun lẹ́nu."

"Mo ní níbo?"

Ó júwe ibẹ̀ fún un. Bí Barakatou ṣe ń jáde, ó wo pákó tí Théophile kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òun ló kọ ọ́, ó fi ọ̀dà pupa àti ewé sí i létí. Fúnra rẹ̀ ni Barakatou kọ́ ìwé kíkà, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n kà: ILÉ ÀWỌN Ọ̀RẸ́ ẸRAN. Ẹ WÁ GBA ẸRAN LỌ́FẸ̀Ẹ́. ẸNI TÓ FẸ́RÀN ẸRAN NÌKAN NI KÓ WỌLÉ. Ó ti kà á rí, ó ti fi rẹ́rìn-ín. Lónìí, ẹ̀rín ò wá.

Ó bá Célestin ní iwájú ilé rẹ̀, láàárín pákó àti èérún igi, ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ lọ dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sídìí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Ẹ kúulé o. Ilé àwọn ológbò ni mo ti wá."

"Há! Ẹ káàbọ̀, ìyá wa!" Célestin dìde. "Pélagie, gbé àpótí wá. Àwọn tó ń fún wa lẹ́ran ló dé yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ológbò tí wọ́n fún yín kẹ́yìn wà?"

Célestin rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà mà mọ àsìkò o! Kò tíì rọ̀ tán. Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ máa bá wa jẹ níbẹ̀."

Barakatou kò jókòó. Òórùn ata àti àlùbọ́sà ti ń wọ̀ ọ́ nímú, ó sì ta sánsán, ìyẹn gan-an ló burú jù níbẹ̀. Ó yí ojú kúrò lára ìkòkò. Ojú rẹ̀ bá pákó kan tó fara ti ògiri. Wọ́n ti fi ìṣó na awọ mẹ́ta mọ́ ọn, wọ́n fi eérú ra á. Awọ ìparí funfun. Àbààwọ́n dúdú wà létí rẹ̀. Nídìí ọrùn, ó rí ibì kan tí irun ò tíì hù padà, níbi tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá a nítorí làpálàpá.

Ó dé ìdí ògiri kó tó bì. Ó bì títí ó fi ku omi kíkorò.

Pélagie sáré gbé omi wá nínú igbá. "Pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ fọ ẹnu. Ṣé oyún ni?"

"Kì í ṣe oyún!" Barakatou nu ẹnu. "Ológbò lẹ pa! Ológbò tí wọ́n ní kí ẹ máa sìn!"

Tọkọtaya wo ara wọn.

"Sìn?" ni Célestin wí. "Ta ló ní sìn? Ṣé mo jí i ni, ìyá wa? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé lábúlé, bàbá mi máa ń pa á fún wa bí ọdún bá dé. Mi ò gbé ti ẹnikẹ́ni rí níbí. Mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ síta pé kí a wá gba ẹran lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní bóyá ó dà bíi wàrà oníyẹ̀fun tí àwọn òyìnbó máa ń pín. Mo tún wọlé lọ béèrè. Akọ̀wé yín bi mí pé, 'Ṣé ẹ fẹ́ràn ẹran?' Mo ní, 'Misié, ta ni kò fẹ́ràn ẹran?' Ó ní, 'Àwọn ará ilé yín ńkọ́?' Mo ní àwọn ọmọ ló fẹ́ràn ẹ̀ jù. Ó ní, 'Ṣé ẹ máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa?' Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ìyàwó mi mọ̀ ọ́n tọ́jú, ata ò wọ́n nílé mi. Inú rẹ̀ dùn, ó bọ̀ mí lọ́wọ́! Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú mi pọ̀ ní Àjàṣẹ́."

"Ti ọ̀tẹ̀ yìí sanra ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni Pélagie sọ, pẹ̀lú ohùn ìdúpẹ́. "Ẹ máa bá wa kí ẹni tó bọ́ ọ."

Ẹja tí Barakatou gbé láti ọjà lójoojúmọ́, tó fi ọwọ́ yọ egungun rẹ̀, òun ló ń hó nínú ìkòkò yẹn. Òun ló bọ́ ẹran náà sanra fún wọn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì nù ún sára aṣọ, ó tún nù ún. Ó fẹ́ bú Célestin, kò rí ibi tó máa bá èébú wọlé. Ọkùnrin náà ti dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í, kò purọ́ ẹyọ kan.

Nígbà tó padà dé Dowa, Théophile ṣì jókòó síbi tó fi í sí.

"Wọ́n ti jẹ ẹ́," ni Barakatou wí. "Àwọn méjì àkọ́kọ́ náà. Mo rí awọ wọn."

Théophile gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀." Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ó padà bọ̀ sípò bí ìgbà tí èèyàn tún fìlà dé. "A ò ní sọ fún Màmá. A máa sọ pé ibi tuntun ò bá a lára mu. Àwọn ará ìlú máa wá wo ilé yìí ní Sátidé, pásítọ̀ wa gan-an ń bọ̀. Kò yẹ kí wọ́n gbọ́ irú nǹkan báyìí."

"Ẹ lọ pa ohun tó wà lára pákó yẹn rẹ́. Ẹ kọ ológbò síbẹ̀."

"Ológbò kéré jù, Ìyá Sikirou. Gbogbo ẹ̀dá ni ẹgbẹ́ wa ń wò. Ẹran ni Yorùbá tó jinlẹ̀. Àbí ewéko ni ológbò ni?"

Barakatou na ọwọ́ sí pákó ẹnu ọ̀nà.

"Théophile," ó ní. Kò fi Misié sí i, kò sì pè é ní ẹ̀yin mọ́. "Ọ̀rọ̀ tó dùn létí rẹ lo bi ọkùnrin yẹn. O ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ológbò ṣe. Mo sọ òótọ́ fún ọ, o ní ìfẹ́ mi ò jinlẹ̀. Tirẹ̀ jinlẹ̀. Ó jinlẹ̀ dé inú ìkòkò."

"Kí ló ń jinlẹ̀?" Màmá Clémentine ti yọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ọmọ ológbò kan rọ̀ mọ́ ọn léjìká. "Barakatou, ọmọ mi, kí ló dé tí o fi ń pariwo?"

"Kò sí nǹkan, Màmá," ni Théophile wí. "Olójúkan ni, ó ti sùn nínú..."

"Célestin pa á jẹ," ni Barakatou wí. "Òun àti ìyàwó àti ọmọ. Ó pa gbogbo àwọn tí ẹ fún un."

Màmá jókòó sórí àkàsọ̀. Ọmọ ológbò ń họ ọ́ lọ́rùn, kò mú un kúrò. Ó bi Théophile ní nǹkan kan lédè Faransé, Théophile sì fèsì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, fún ìgbà pípẹ́. Barakatou ò gbọ́ ọ, kò sì bìkítà láti gbọ́.

"Ó ní ká ní sùúrù títí Sátidé fi máa kọjá," ni Màmá sọ nígbà tó yá. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. "Kí orúkọ ilé má bàjẹ́. Ìwọ ńkọ́? O máa lọ, àbí? Mi ò ní dá ọ lẹ́bi."

Barakatou ti pinnu láti lọ. Láti Akron ló ti ń rò ó: kó lọ wẹ ara rẹ̀, kó sun aṣọ yìí, kó ra páńpẹ́ eku. Ó wo inú ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ológbò ń la ẹja jíjẹrà inú àwo Olójúkan, eṣinṣin ò dí i lọ́wọ́.

"Ẹnu ọ̀nà ni mo máa wà láti òní lọ," ó ní. "Kí Théophile máa bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ológbò, èmi ló máa bá sọ̀rọ̀."

Théophile ya ẹnu. Màmá ní, "Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ọkùnrin kan dé kí oòrùn tó rọlẹ̀. Aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán, ó di agbọ̀n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó kí Barakatou tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun rí pákó wọn.

"Ẹ káàbọ̀," ni Barakatou wí. "Ṣé ẹ máa sìn ín ni, àbí ẹ máa pa á jẹ?"

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá wa, èmi fẹ́ràn gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

Barakatou gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó sì dúró de ìdáhùn rẹ̀.