Ọkọ Ìyàwó Tí Kì í Jẹ Ohun Tí Iná Kàn

Mátíù káfíńtà lorúkọ mi. Mo fẹ́ràn oúnjẹ, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Tísà Ọlọ́runṣògo fi dùn mí dé akínyẹmí ara. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1954. Ìwé pélébé kan tó bá pósìtì dé láti òkè òkun ló ba ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Ìwé yìí ní kí èèyàn má jẹ ohun tí iná bá ti kàn mọ́. Èso àti ewébẹ̀ tí ìgbà bá mú wá nítòsí ilé rẹ̀ ni kó máa jẹ, ara rẹ̀ á sì le koko.

Ìgbà àgbálùmọ̀ ni Tísà bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Àgbálùmọ̀ tán, kajú dé. Kajú ń lọ, móńgòrò dé. Ó ń jẹ ilá tútù, ó ń já tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé jẹ bí ewúrẹ́ tó já okùn. Lọ́jọ́ kan ó gé iṣu tútù jẹ, ẹnu sì yún un débi pé ọwọ́ nìkan ló ń jù láti fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo ní kó kúkú mu gàrí. Ó ní ṣebí orí iná ni wọ́n ti ń yan gàrí. Inú bí mi. Mo se ẹ̀wà, mo gbé ìkòkò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí òórùn lè wọlé lọ bá a.

Èmi yìí kan náà ni alárinà rẹ̀ lọ́dọ̀ Títílọlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ránṣọ nítòsí ọjà Àkẹ̀sán. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bá a ṣe ẹ̀fẹ̀, mo ní ọkùnrin tí mò ń ṣe alárinà fún kì í jẹ ohun tí iná kàn. N kò mọ̀ pé ó fi sọ́kàn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní òun gbà, kí a lọ rí àwọn òbí òun.

Nínú bọ́lẹ̀kájà tó ń gbé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Tísà fẹnu sí mi létí. "Mátíù, ó ti sú mi. Mo ti rù kan eegun. Bí wọ́n bá gbé iyán ka iwájú mi lónìí, n ó jẹ ẹ́ tán poo."

Inú mi dùn, mo dì mọ́ ọn.

A dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Títílọlá, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí alárinà sọ, Ìyá Títílọlá sì gbé oúnjẹ kalẹ̀: abọ́ iyán méjì, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, odidi adìẹ. Tísà fọwọ́. Ó bu òkèlè. Òkèlè ti dé àgbọ̀n nígbà tí Títílọlá kígbe.

"Háà! Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni Bọ̀dá Mátíù ní ẹ kì í jẹ ohun tí iná kàn?"

Ọwọ́ Tísà dúró lójú kan.

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà! Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń fẹ́ná, èéfín ti fẹ́ fọ́ mi lójú. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo ti kọ̀, ọbẹ̀ tí mo mọ̀ ọ́n sè ni gbogbo wọn kọ́kọ́ bi mí. Bí ẹ bá jẹ iyán yẹn, mo kọ ẹ̀yin náà."

Ìyá rẹ̀ dìde. "Bí kò bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Àna tó bá kọ oúnjẹ mi, ó ń sọ pé mo fi májèlé sí i nìyẹn. Kò ní fẹ́ ọmọ mi!"

Tísà wo òkèlè, ó wo Títílọlá, ó wò mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹnu mi ló kó bá a. Mo tún dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ọkọ ìyàwó láti ìgbà tí a ti wọlé?"

"Ìwọ ni."

"Ta lẹ ó bú bó bá ṣe àṣìṣe?"

"Ìwọ náà ni."

"Alárinà ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ, òun ló ń gba èébú fún un. Ẹ wá jẹ́ kó jẹun fún un."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. Ìyá tún jókòó. Ó ní bí mo bá ṣẹ́ ohunkóhun kù sínú abọ́, kí a gbàgbé ìyàwó.

Mo gba òkèlè lọ́wọ́ Tísà. Ìka rẹ̀ ni mo ní láti tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ tirẹ̀, mo jẹ tèmi, mo lá abọ́ méjèèjì. Títílọlá gbé apẹ̀rẹ̀ móńgòrò síwájú ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i, mo sì rí i pé ọkùnrin yìí á jẹ koríko bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ló gbé e fún un.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Tísà gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé itan.

"Wọ́n gbà fún mi," ló wí.

"Wọ́n gbà."

"Títí ayé ni, àbí?"

"Títí ayé ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Mátíù, ṣé o fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ?"

"Omi lásán ni mo fi ṣàn án."

"Jọ̀ọ́, gbé e wá kí n gbóòórùn rẹ̀."