Àwọ̀ Tó Ń Jẹ Ẹ̀gbin

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Aláró ti ń rẹ aṣọ láró, kò sì sí àwọ̀ tí ojú rẹ̀ kò tíì rí, àfi èyí tí ọmọ rẹ̀ pò sínú garawa ike láàárọ̀ ọjọ́ náà. Onígò ló ń pe ọmọ yìí, nítorí láti ìgbà tó ti kàwé nípa omi dé, ìgò ló kún yàrá rẹ̀ ju aṣọ lọ.

"Onígò mi," ni ìyá wí, ojú rẹ̀ là gbòò, "ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò rèé! Àwọ̀ ọba!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe aró. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alábẹ̀wò omi, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Àgádágodo, wá wo odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wọn kọjá. Ó ní bí omi aró tí wọ́n ń dà sódò náà kò bá mọ́ gaara ní ọ̀sán òní, òun á ti ilẹ̀kùn wọn pa. Owó tó ń gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé ló rán Onígò níléèwé.

Ìdí nìyí tó fi po fẹ́réètì, ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi irin ṣe.

"Irin tí ebi ń pa ni, Màámi," ló ṣàlàyé. "Bó bá ti pàdé ìdọ̀tí nínú omi, á já a jẹ. Bó bá yó, àwọ̀ rẹ̀ á lọ, á di ìpáàrà lásán. Ìpáàrà náà á kó ẹ̀gbin tó kù mọ́ra, wọ́n á jọ wálẹ̀ sísàlẹ̀ omi."

"Bí bàbá rẹ ṣe máa ń sùn bó bá jẹun tán nìyẹn."

Onígò rẹ́rìn-ín jáde, ó lọ wo omi aró ẹlẹ́gbin tí wọ́n kó jọ sínú àgbá ńlá níta. Ìgbà tó padà, ìyá rẹ̀ ló bá lẹ́bàá garawa, ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, ó ń fa aṣọ funfun kan jáde nínú rẹ̀. Aláró wo ló máa rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dán an wò? Ṣùgbọ́n irin tí ebi ń pa kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ àti ìdọ̀tí. Àwọ̀ ọba ti lọ. Aṣọ náà rí bíi páànù àtijọ́ tó dógùn-ún.

"Màámi!"

"Mo kàn ní kí n tẹ̀ ẹ́ rì lẹ́ẹ̀kan ni o! Olúwa, dárí jì mí!"

Onígò fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ sílẹ̀. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n di ara wọn mú kí wọ́n má ṣubú. Àfìgbà tí Onígò gbọn ìgò wò tó rí i pé ìyẹ̀fun tó kù kò ju ìdajì lọ ni ẹ̀rín náà tó dá.

"Kò lè tó gbogbo àgbá yẹn, Màámi."

Ìyá Aláró wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Bó bá jẹ aṣọ mi, a jẹ́ pé á jẹ òwú pẹ̀lú. Ṣé o mọ bí fọ́nrán òwú ṣe pọ̀ tó nínú àgbá yẹn? Gbogbo sítáàṣì ara aṣọ náà wà níbẹ̀. Jẹ́ ká sẹ́ ẹ ná, kí irin rẹ má lọ fi òwú yó!"

Onígò gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Kò sí ìwé tó kọ́ ọ ní ìyẹn.

Wọ́n sẹ́ omi, wọ́n tún un sẹ́, orin ìyìn lẹ́nu wọn. Onígò wá po èyí tó kù, ó dà á sí i. Àwọ̀ àlùkò náà tàn ká, ó ṣá, ó lọ. Ìpáàrà pupa bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà. Àgádágodo ń dún lápò rẹ̀.

Ó bu omi òkè àgbá sínú ife, ó gbé e sójú oòrùn. "Ṣé ẹ ò kàn lọ pọn omi ẹ̀rọ síbí?"

"Ẹ wo ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, sà!" ni Onígò dáhùn.

Ó wò ó. Ó ki ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó mọ́.

Onígò ṣí ihò tó wà lára àgbá, lókè ẹrẹ̀ náà. Omi ṣàn lọ sódò, ó mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Aláró kò dúró kí àlejò jáde kó tó máa jó.