Àwo Funfun Tó Kù

Àwo rọ́bà funfun kan ṣoṣo ló kù nínú mẹ́ta tí ìyàwó Káfíńtà Àgbà fi ń ṣeré ní pápá, eré tí wọ́n ti máa ń ju àwo sínú apẹ̀rẹ̀ onírin. Ọkọ rẹ̀ ti ṣèèṣì ju méjì sódò níbi eré náà. Kí obìnrin náà tó kú, ó fi tàdáwà kọ ọ́ sára ẹ̀kẹta pé: "Olówó orí mi, ẹ má jù mí sódò mọ́."

Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ rẹ àwo náà ní aró búlúù, àwọ̀ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Aró gbígbóná ti wà lórí tábìlì. Ó mú sípírítì.

"Kí lo fẹ́ fìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ nù ún ni, Bàbá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, aró ò ní mú un."

"Ìkọ̀wé ìyá rẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà gbé sípírítì kalẹ̀. "Ibi tí gúlù bá wà, aró kì í débẹ̀. Ẹ fi gúlù tọ ipa lẹ́tà náà. Ẹ̀yin lẹ lọ́wọ́ iṣẹ́."

Káfíńtà tọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni mú ẹyin lọ́wọ́. Nígbà tó dé "orí mi," ó tẹ gúlù jù, ó sì ṣàn. Nígbà tí gúlù gbẹ, wọ́n fi sípírítì nu ìyókù, wọ́n sì rì í sínú aró.

Nígbà tí wọ́n bó gúlù, tàdáwà bá a lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà dúró ní funfun nínú búlúù. "Orí mi" nìkan ló wú bíi búrẹ́dì.

"Ọ̀rọ̀ Màmá, ọwọ́ Bàbá," ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù." Ó gbé àwo náà mọ́ àyà.

"Bàbá, a ò tíì fi omi ṣan án! Aró á ba ṣẹ́ẹ̀tì yín jẹ́!"

Kò gbé e kúrò.