Rìfáàsì fún Píjò Bàbá

Nígbà tí Abdulsobur fi sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Olúpọ̀nnà lọ́jọ́ Ajé yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọkàn nìkan ló ń wọ́ ọ kiri. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tó ti ń wá jíà kan ṣoṣo, jíà tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tó ní eyín mẹ́wàá. Ẹni bá gbọ́ pé nítorí mọ́tò tí èèyàn lè gbé mọ́ abíyá ló ṣe ń jẹ ìyà yìí, á ní kí wọ́n bá a wá ààfáà.

Píjò 504 ni mọ́tò ọ̀hún, irú èyí tí bàbá rẹ̀, Àkànbí, fi kó èrò láti Ìwó lọ sí Ìbàdàn fún ọdún mọ́kànlélógún kí wọ́n tó tà á. Kò sẹ́ni tó ń ta mọ́tò ìṣeré bẹ́ẹ̀ n'Ìwó, ni Abdulsobur bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ara mọ́tò ọlọ́pàá oníke ló ti gba iwájú, agolo mílíìkì ló gé fi ṣe ìdí rẹ̀ tó gùn sẹ́yìn, táyà wá láti ara katakata ìṣeré tó ti bàjẹ́, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe ọ̀pá inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré oníbátìrì ló sì ń yí i. Ọmọ físíìsì ni. Ó ti jáde ní yunifásítì lọ́dún méjì sẹ́yìn, iṣẹ́ kò tíì dé, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbélẹ̀. Bí kò bá tú nǹkan, á máa tò ó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ojú ọ̀tún Àkànbí ti lọ. Ti òsì ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ilé tí wọ́n ń ti fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ n'Íbàdàn lè dá èyí tó kù dúró, àmọ́ kí oṣù yìí má parí kí wọ́n tó débẹ̀. Àkànbí lóun ò lọ. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó sú u. Imáàmù àdúgbò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun tóun fi ojú ara òun wakọ̀ lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fa òun wọ ibẹ̀ bí àgbò iléyá.

Lọ́jọ́ tí Abdulsobur náà bẹ̀ ẹ́ títí, ńṣe ló rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ pa òrùlé mọ́tò tí ọmọ rẹ̀ ń tò lọ́wọ́.

"Ṣé jíà ẹ̀ á máa wọlé?"

"Á máa wọlé, Bàbá."

"Mẹ́rin síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí mo bá fọwọ́ mi yí i, tí gbogbo rẹ̀ wọlé, tó lọ síwájú, tó sì padà sẹ́yìn, màá bá ọ lọ sí Ìbàdàn. Bí kò bá wọlé, kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ ilé ìwòsàn sí mi létí mọ́."

"Ẹ gbà mí o!" Hàbíbátù ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ojú yín lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́!"

"Dírẹ́bà ni mí," Àkànbí dá a lóhùn. "Mi ò ta tẹ́tẹ́ rí."

Mẹ́rin iwájú kò ni Abdulsobur lára. Ismaeel ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún pírińtà ṣe lẹ́bàá gèètì yunifásítì, da jíà inú àwọn pírińtà tó ti kú fún un, ẹ̀kún ike kan. Rìfáàsì ló di wàhálà. Bí jíà méjì bá gbá ara wọn mú, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kan ń yí sí, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì. Kí mọ́tò tó lè padà sẹ́yìn, jíà kékeré kẹta gbọ́dọ̀ wọ àárín wọn, eyín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá tiwọn mu. Ó rí eléyín mẹ́wàá nínú agogo ògiri, àmọ́ eyín rẹ̀ tín-ín-rín jù, ó kàn ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni. Ó rí èyí tí eyín rẹ̀ bára mu, mẹ́tàlá ni, kò wọ àyè.

"Físíìsì," Ismaeel fi ṣe yẹ̀yẹ́, "o ò ṣe gé e lára bàtà rọ́bà?"

"Mo ti gé e."

"Ó wá ṣiṣẹ́ bí?"

"Ìṣẹ́jú kan ló fi jẹ ara ẹ̀ tán."

Ismaeel rẹ́rìn-ín títí, ó wá wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò. "Lọ bá Bàbá Oyèdàmọ́lá ní Olúpọ̀nnà. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tún ṣe. Mo ti rí jíà inú ẹ̀ rí, ó jọ ti pírińtà yìí."

Ohun tó gbé e dé Olúpọ̀nnà nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù bàbá náà kò ju yàrá kan lọ, rédíò sì kún un dé òrùlé. Ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ olóhun sí wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Abdulsobur dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé, ó kó àwọn jíà rẹ̀ lé bàbá náà lọ́wọ́. Bàbá Oyèdàmọ́lá fi èékánná tọ eyín wọn wò. Ó nawọ́ gbé rédíò kan, ó tú u, ó sì tọ́ka. Jíà kékeré funfun kan wà níbẹ̀. Abdulsobur kà á. Eyín mẹ́wàá. Ó fi tirẹ̀ tì í, wọ́n wọnú ara wọn wẹ́kú.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi yọ ọ́."

"Olóhun ò tíì wá gbé e."

"Ìgbà wo ló gbé e wá?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án."

"Bàbá! Kò tún lè wá mọ́."

"Ìwọ lo mọ̀ yẹn." Bàbá náà ti ń dé rédíò padà. "Èmi kì í yọ nǹkan nínú ẹrù olóhun láìjẹ́ pé ó mọ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ, ta ló máa gbé rédíò wá fún mi mọ́? Ìyá kan ni, Nimotallahi, ní Kuta, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Bí ó bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́."

"Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ?"

"Jẹ́ kó rán ọ ní ọ̀rọ̀ tí ìwọ ò lè mọ̀ fúnra rẹ."

Abdulsobur jáde sínú oòrùn. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì fún ìgbà díẹ̀ láìpe ọlọ́kadà kankan. Ó ń rò ó pé bí òun bá jókòó sílẹ̀ níbí, òun ò ní dìde mọ́. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́.

Ní Kuta, wọ́n ní Ìyá Nimotallahi lọ sóko. Ó dúró títí ìrun Àyìlà fi kọjá kí arúgbó náà tó dé pẹ̀lú ìdì igi lórí.

"Rédíò mi ṣì wà láyé?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi rò pé wọ́n ti fi dáná ni. Kó yọ ọ́ fún ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kó bá mi gbé ìyókù pamọ́ o."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ rán mi ní ọ̀rọ̀ kan, Ìyá."

Arúgbó náà ronú. "Sọ fún un pé kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ọkọ mi há sínú ẹ̀. Òun nìkan ni mo fi hàn. Kó bá mi yọ ìyẹn náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Abdulsobur gbé padà sí Olúpọ̀nnà, òun ni Bàbá Oyèdàmọ́lá gbọ́ tó fi mi orí, tó sì mú sukudiráfà. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Abdulsobur dé Ìwó, jíà náà wà nínú àpò rẹ̀, ó fi ìwé wé e, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí rẹ̀ jálẹ̀ ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Àkànbí jókòó lórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Abdulsobur gbé mọ́tò síwájú rẹ̀, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀pá jíà. Láàárín ìjókòó méjì iwájú ni ọ̀pá náà ti yọ sókè, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà kan ló fi ṣe orí rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Jíà ni, Bàbá."

"Nílẹ̀?" Ìka Àkànbí sọ̀kalẹ̀ lára ọ̀pá náà, ó tún gòkè. "Sóbúrù, ta ló sọ fún ọ pé jíà mọ́tò mi wà nílẹ̀? Ọrùn sítíárìn ló wà. Òkè níbí ni mo ti ń yí i."

"Àwòrán tí mo rí lórí fóònù..."

"Ti ẹlòmíì nìyẹn. Èèyàn méjì ni mò ń kó síwájú. Bí jíà bá wà nílẹ̀, ibo ni ẹnì kejì á fẹsẹ̀ sí?"

Abdulsobur wo ọ̀pá tó fọwọ́ ara rẹ̀ rì mọ́lẹ̀.

"Mọ́tò tí wọ́n ń pọ̀n ọ́ wọ̀! O ò mọ ibi tí jíà ẹ̀ wà?"

"Mi ò jókòó síwájú rí, Bàbá."

Kò fi bú u. Bó ṣe rí ló sọ ọ́. Àyè èrò ni iwájú, ọmọ dírẹ́bà kì í gbà á. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń fi í sí, láàárín àpò gààrí àti agbọ̀n adìyẹ, gbogbo ohun tó sì máa ń rí lára bàbá rẹ̀ ò ju fìlà àti ìpàkọ́ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n ta mọ́tò náà.

Àkànbí fọwọ́ pa ìjókòó iwájú mọ́tò kékeré náà. Lẹ́yìn náà ló ti ọ̀pá náà síwájú. Ó wọlé. Ó fà á sẹ́yìn, ó wọlé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Mọ́tò kékeré náà rìn lọ kan ògiri. Abdulsobur gbé e padà, Àkànbí fi sí rìfáàsì, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi gbá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó wọlé," ló wí.

"Àmọ́ kì í ṣe mọ́tò yín."

"Kì í ṣe mọ́tò mi."

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì." Bó ti ń sọ ọ́ ni gbogbo egungun rẹ̀ ń kọ̀ ọ́. "Màá tú u, màá gbé e lọ sókè."

"Oṣù yìí ku ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ṣé ìwọ yunifásítì ò mọ ìṣirò ni?" Àkànbí ti ọwọ́ kúrò lórí mọ́tò. "Mo ní bí gbogbo jíà bá wọlé. Ó wọlé àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé."

"Mo sọ pé mọ́tò mi gbọ́dọ̀ jẹ́?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìyá Sóbúrù!" Àkànbí pe ìyàwó rẹ̀. "Bá mi wá káàdì dókítà yẹn. Ọ̀la la ó lọ."

Hàbíbátù jáde pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó wo baba, ó wo ọmọ. Kíá ló wọlé lọ, kí ẹnikẹ́ni tó yí ohùn padà.

"Tá a bá ti dé," Àkànbí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "níṣojú mi ni wàá ti tú u. Mo fẹ́ rí i bó o ṣe máa gbé e lọ sókè. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa ròyìn ẹ̀ fún mi. Jíà àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ara rẹ ni wàá fà á sí..." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń yí jíà nínú afẹ́fẹ́, ó ń ṣàlàyé bí ọwọ́ ṣe máa ń mọ ọ̀nà ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, bí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ṣe ní àsìkò tirẹ̀.

Abdulsobur fẹ́ yọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun yọ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Àkànbí bi í léèrè ohun kan, kò gbọ́ èsì. Ó tún bi í. Ó wá na ọwọ́, ó fi wá ojú ọmọ rẹ̀ kàn, ó rọra kan ìpéǹpéjú tó ti pa dé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ń padà bọ̀.

"Ìrọ̀rí ni kó o kọ́kọ́ mú wá," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Rọra o. Ó ti sùn."