Ọkọ̀ Tuntun Gaylen àti Ọmọ Màlúù Ardith

Ọjọ́ tí Gaylen Stroh wa ọkọ̀ tuntun rẹ̀ wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, Lyle Hruska wà lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń fi gírísì sí i. Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà kó tó rí nǹkan kan. Kò jáde. Ó kàn yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo táyà.

"Ta ló ni táyà ńlá yìí?" ló bi mí.

"Bọ̀dá Gaylen ni."

"Gaylen wo?"

"Gaylen mélòó la ní níbí?"

Ojú kan náà ló ń fi gírísì sí títí tó fi ń kán sí i láyà.

Wẹ́dà ni mí, mo sì ń tún ọkọ̀ ṣe, ní ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè iyanrìn Nebraska, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ẹni tí kò bá ní píkọ́ọ̀pù tó lágbára lọ́dọ̀ wa, kò lè ṣiṣẹ́ kankan. Nítorí náà, ọkọ̀ Gaylen wù mí, mi ò ní parọ́. Mo yí i ká. Mo dọ̀bálẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀. Irin ṣásì méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ náà ró láti iwájú dé ẹ̀yìn ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, wọ́n sì ṣe wọ́n bí àpótí tí a dé, kí wọ́n má baà lọ́ bí ẹrù bá wúwo. Sípíríǹgì ẹ̀yìn jẹ́ abala irin tí wọ́n tò léra wọn. Èyí tó nípọn jù nísàlẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, àfi tí ẹrù bá tẹ àwọn tòkè bà á. Dísẹ́lì ló ń mu. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í yí kíákíá, àmọ́ agbára rẹ̀ ti pé nígbà tó ṣì ń yí jẹ́jẹ́, ohun tí ẹni tó ń fa ẹrù gòkè sì nílò gan-an nìyẹn.

"Wọlé wá jókòó," ni Gaylen wí fún mi. "Àga ẹ̀ ń gbóná fúnra ẹ̀."

"Ṣé òtútù ń mú ẹ nídìí ni?" Lyle sọ̀rọ̀ látabẹ́ ọkọ̀.

Gaylen bú sẹ́rìn-ín. "Lyle, ìwọ lo wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn? Mo rò pé ọkọ̀ jákujàku yẹn ti wó lé ẹ lórí ni."

Ilẹ̀ àwọn méjèèjì pààlà. Ìyàwó Gaylen ti kú. Lyle ò gbéyàwó rí. Ẹni tó jẹ́ kí ìpààlà náà le ni Ardith Vosika, aládùúgbò wọn, tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé. Láti ìgbà tí Emil ọkọ Ardith ti kú, Lyle ló máa ń bá a kó àwọn ọmọ màlúù rẹ̀ lọ sọ́jà lọ́dọọdún, nígbà tí koríko bá ti gbẹ. Tírélà kékeré tirẹ̀ ló ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gbọ́dọ̀ lọ. Ní ìrìn kejì, Ardith á wọlé jókòó tì í lórí àga gbọọrọ kan ṣoṣo tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú kọfí àti búrẹ́dì aládùn tó fúnra rẹ̀ ṣe. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọjọ́ yẹn nìkan ni Lyle máa ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ kó dán.

Gaylen fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. "Mo ti bá Ardith sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa kó gbogbo ọmọ màlúù ẹ̀ lọ, nínú tírélà gígùn tí Emil fi sílẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Lyle tó jáde lábẹ́ ọkọ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní ó dáa."

Bí Gaylen ṣe lọ tán, Lyle fà mí mọ́ra. "Bá mi so bọ́ọ̀lù irin mọ́ àárín ẹ̀yìn ọkọ̀ mi."

Mo mọ ohun tó ń wá. Ọrùn tírélà gígùn yẹn máa ń nà kọjá sórí ẹ̀yìn ọkọ̀, á wá jókòó lé bọ́ọ̀lù irin kan láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

"Mi ò ní ṣe é, Bọ̀dá Lyle. Ẹ́ńjìnnì yín lè fà á o. Àmọ́ fífà yàtọ̀ sí gbígbé. Ọrùn yẹn máa di ẹrù lé yín lẹ́yìn. Sípíríǹgì yín ò lè gbé e, ṣásì yín ò lè gbé e."

"Bàbá mi fi ọkọ̀ yìí fa odindi ilé rí."

"Ilé adìyẹ ni, Bọ̀dá Lyle."

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Gaylen ti rà ẹ́. Ṣebí mo rí i bó o ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ̀ ẹ̀."

Ló bá lọ so ó fúnra rẹ̀ nílé. Ó tún wá abala sípíríǹgì lára ọkọ̀ àlòkù kan, ó fi kún tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, kò tíì sí ẹlòmíì lọ́nà nígbà tí Lyle dé ọ̀dọ̀ Ardith. A kì í ti géètì lágbègbè wa, bí aládùúgbò bá sì tètè dé láti wá ṣiṣẹ́, a kì í bi í ohun tó wá ṣe, àbùkù ni. Nígbà tí Ardith yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná tó rí Lyle àti ajá rẹ̀ tí wọ́n ń da àwọn ọmọ màlúù wọ tírélà gígùn tí Lyle ti so mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó rò pé Lyle àti Gaylen ló jọ ṣètò rẹ̀. Ó padà sídìí kọfí.

Bí ọmọ màlúù kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé ni ẹ̀yìn ọkọ̀ Lyle ń lọ sílẹ̀, tí imú rẹ̀ ń ga sókè. Lyle rí i. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wọlé, ó fi í sí jíà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ òun bíi pé kò so mọ́ nǹkan kan, torí táyà iwájú kàn ń fẹnu kan ilẹ̀ ni.

Kò jìnnà. Ní ẹnu géètì, níbi kòtò tí a tẹ́ páìpù lé kí màlúù má baà kọjá, iwájú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ọrùn tírélà sì já lu etí bọ́dì ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Ó ká a pọ̀ bíi páálí.

Ardith pè mí pé kí n gbé jáàkì ńlá bọ̀. Nígbà tí mo dé, Gaylen ti dé, ọkọ̀ funfun rẹ̀ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Lyle, ká ní o fẹ́ fi ọkọ̀ mi ṣe é ni, ǹ bá yá ẹ."

"Ta ló fẹ́ ọkọ̀ ẹ?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ panu dé!" ni Ardith wí. "Àwọn ọmọ màlúù yìí ń ké, ẹran ara wọn ló sì ń bá igbe yẹn lọ. Ẹ bá mi gbé wọn délé ọjà."

A sọ ẹsẹ̀ tírélà kalẹ̀, a gbé ọrùn rẹ̀ sókè, a fa ọkọ̀ Lyle kúrò. Gaylen wá ń fi ọkọ̀ rẹ̀ fẹ̀yìn rìn bọ̀. Àwòrán bọ́ọ̀lù irin rẹ̀, tí kámẹ́rà ẹ̀yìn ń yà, hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń tọ ilà kan lọ tààrà sábẹ́ ọrùn tírélà. Kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kódà, ó lójú lẹ́yìn," ni Lyle ń kùn.

Nígbà tí ẹrù dé e lẹ́yìn, ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ pé irin tó nípọn nísàlẹ̀ yẹn ti gbà á.

Ardith jókòó síwájú. Èmi àti Lyle jókòó sẹ́yìn, nítorí mo fẹ́ ra irin nílùú, òun ò sì ní ohun tó lè wà lọ. Ibẹ̀ fẹ̀ gan-an. Lyle fi ọwọ́ kan àga náà, ó bá a tó ń lọ́wọ́ọ́wọ́, ló bá yára gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ardith, ṣé kí n dín ooru ẹ kù?" Gaylen béèrè.

Lyle ń payín keke.

A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Gaylen tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ dín eré ọkọ̀ kù pẹ̀lú ìró jíjinlẹ̀. "Wò ó, Ardith. Ẹsẹ̀ mi ò sí lórí bíréèkì."

"Gbogbo wa la ti rí i," ni Lyle wí.

A kọjá afárá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ardith yíjú sẹ́yìn. "Lyle, kí ni mo fi ṣe ẹ́ tó o fi fẹ́ pa ọmọ màlúù mi?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ màlúù."

"Ọ̀rọ̀ kí wá ni?"

Lyle ń ha gírísì ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ kan péré ni mo ní lọ́dún. Ọjọ́ tó o máa ń jókòó tì mí. Gaylen ní ọkọ̀, ó ní ilẹ̀, ó lẹ́nu. Ó wá gba ọjọ́ yẹn náà mọ́ ọn."

Mo kọjú sí fèrèsé, mo ń wo koríko.

"Ardith," ni Gaylen wí, ojú rẹ̀ wà lọ́nà, "mo bi ẹ́ ní nǹkan lọ́jọ́ Sunday. O ní tá a bá ta màlúù tán, o máa dá mi lóhùn."

"Kí lo bi í?" Lyle béèrè.

"Ohun tí ìwọ ò lè bi í látìgbà tí Emil ti kú."

"Mo ti sọ tèmi báyìí."

"Nínú ọkọ̀ mi!"

"Gaylen, dúró," ni Ardith wí.

"Orí òkè la wà, Ardith, pẹ̀lú gbogbo ẹrù yìí."

"Ṣebí o ní kò sí ibi tí kò lè dúró."

Ó dúró. Ardith sọ̀ kalẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ó di fìlà rẹ̀ mú, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi. "Bọ́ sílẹ̀. Lọ jókòó síwájú."

Mo ṣe bó ṣe wí. Ó wọlé, ó jókòó ti Lyle, ó pa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn náà ló wí jẹ́jẹ́ pé, "Gírísì lò ń rùn."

"Mo mọ̀," ni Lyle dáhùn.

Gaylen gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ọkọ̀ náà gbéra látorí ìdúró, pẹ̀lú gbogbo màlúù yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Kò yọ̀ padà sẹ́yìn, kò ta gìrì, jíà kan ń gbà á lọ́wọ́ èkejì bí a ṣe ń gòkè. Díńgí ńlá méjì wà níta tó yẹ kí Gaylen fi máa wo tírélà. Díńgí kékeré inú ọkọ̀, tó ń fi àwọn tó jókòó sẹ́yìn hàn, ló tẹjú mọ́.

Mo wá ohun tí mo lè sọ. "Ẹ́ńjìnnì yìí mà dáa o, Bọ̀dá Gaylen."

"Má bá mi sọ̀rọ̀," ló wí.