Eyín Ti Lọ, Ìrora Kò Lọ

Japhet Adéyanjú kò lè jókòó. Láti oṣù kẹrin ọdún 1978 tí wọ́n ti yọ eyín ọgbọ́n kan fún un nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kò sí àga tó gbà á mọ́. Yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yoruba Road, ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, láàárọ̀, yóò to ṣéènì, pẹ́dà àti táyà kẹ̀kẹ́ síta, yóò jókòó. Kí ojú tó pajú dé, ó ti dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ń fi àtàǹpàkò tẹ iwájú etí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí olè gbà wọlé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Fagge á kí i pé, "Maigida, lafiya?" Ọ̀gá, ṣé àlàáfíà ni? Orí ló fi ń dá wọn lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ gígùn ti di iṣẹ́ fún un.

Kì í ṣe pé wọ́n yọ eyín náà lọ́nà tí kò dára. Eyín ọ̀hún ló dábùú nínú eegun bí màlúù tó sùn sójú títì. Dókítà Abímbọ́lá, obìnrin tó ń tọ́jú eyín nílé ìwòsàn, làágùn kó tó rí i yọ. Ẹnu Japhet sì wà ní yíyà sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Dókítà ní yóò dùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, kó tó pé oṣù kan, ojú ihò náà ti dí, egbò ti jinná. Ṣùgbọ́n ìrora kò gbọ́ pé eyín ti lọ. Ó kúrò ní èrìgì, ó bọ́ sí oríkèé àgbọ̀n, ó gun etí, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀bátí. Bí Japhet bá jí láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ á le bí ilẹ̀kùn tí òjò pa. Bó bá jẹ tsire, ẹran yíyan àwọn Hausa, nǹkan á ró "kọ́" nínú etí rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n Japhet ni olórí àwọn afọnfèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Sabon Gari, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé bàbá náà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Japhet nígbà tí wọ́n gbé fèrè idẹ lé e lọ́wọ́. Ó ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún báyìí. Bí Japhet bá fọn ún, àwọn arúgbó pàápàá á fi ọ̀pá wọn sílẹ̀. Ní báyìí, bó bá fọn ẹsẹ orin kan péré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo ra á. Ìkórè sì ń bọ̀ nínú oṣù kọkànlá.

Wòlíì Ọlọ́runṣògo, bàbá ìjọ wọn, ta òróró sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó bi í pé, "Japhet, ọmọ mi, ṣé ìwọ àti ẹnì kan kò jọ ń jà?"

"Rárá, Bàbá."

"Gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

Japhet gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìrora náà rọlẹ̀, ó sì fi ayọ̀ sọ fún Fúnlọ́lá ìyàwó rẹ̀ pé ó ti tán. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jẹ ẹran ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ sì padà. Ojú tì í débi pé kò lè sọ fún wòlíì.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó padà sọ́dọ̀ Dókítà Abímbọ́lá. Wọ́n ya fọ́tò àgbọ̀n rẹ̀. Dókítà gbé fọ́tò náà sókè síbi tí iná wà, ó wò ó títí.

"Kò sí gbòǹgbò kankan tó ṣẹ́kù," ó ní. "Eegun yín dára."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ bá mi yọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi mọ̀ pé òun ni."

"Eyín yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Oríkèé àgbọ̀n yín ló fara gbọgbẹ́, torí ó pẹ́ ní yíyà. Ẹ máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa jẹ ohun tó rọ̀. Ẹ má yán gidi. Ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé fèrè yẹn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta."

Japhet dìde. Ó ti rin yàrá yẹn ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. "Oṣù mẹ́ta? Ìkórè ńkọ́? Omi gbígbóná, Dókítà! Ìyá mi tó kú ì bá fún mi ní omi gbígbóná láì gbowó àyẹ̀wò."

Dókítà kò bínú. Ó ní, "Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ padà wá." Ṣùgbọ́n Japhet ti dé ojú títì.

Kò lọ sílé. Ó fẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò Brigade láìní nǹkan tó fẹ́ rà níbẹ̀, ó sì ṣẹ́rí padà. Bó ti ń rìn ló ń fi ahọ́n ti eyín tó fẹ̀sùn kàn yẹn, ó ń tì í, ó ń tì í, títí tó fi dá a lójú pé ó ń mì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sán gangan, ó gba Fagge lọ, sọ́dọ̀ wanzami kan tí wọ́n ń pè ní Málàm Tanko. Onígbàjámọ̀ ni, ó ń fárí, ó ń kọ ilà, ó sì ń fi ẹ̀mú fa eyín. Japhet gbọ́ pé kì í béèrè ìbéèrè púpọ̀.

Japhet jókòó sórí ẹní, ó ya ẹnu, ó nawọ́ sí eyín náà, ó sì sọ ní Hausa pé kó fà á yọ. Bàbá arúgbó náà gbé ẹ̀mú rẹ̀, ó fi ìka kan eyín náà gbọngbọn, ó sì gbé ẹ̀mú kalẹ̀.

"Wannan haƙori lafiyarsa lau," ó ní. Ara eyín yìí le koko.

Lẹ́yìn náà ló fi ìka méjì tẹ iwájú etí Japhet. Japhet ké, ó sì fò sókè lórí ẹní. Málàm Tanko mi orí. Ó ní ibẹ̀ ni àìsàn wà, ẹ̀mú òun kò sì dé ibẹ̀. Ó ní òun ti fa eyín àwọn ènìyàn tí kò yẹ kí òun fà rí, wọ́n sì ń padà wá bá òun pẹ̀lú ìrora kan náà àti ihò méjì. Ó ní kó máa lọ.

Dípò kí èyí tù ú nínú, ńṣe ló bí i nínú. Ó délé, ó bá Evelyn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń kọrin nínú ọgbà, ó sì jágbe mọ́ ọn pé kó panu mọ́. Ọmọ náà wò ó. "Baba, me na yi?" Kí ni mo ṣe? Fúnlọ́lá gbójú sókè láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá Evelyn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ máa ń payín keke lójú oorun. Ó ti tó oṣù méjì. Ariwo rẹ̀ ló máa ń jí mi."

"Èmi? Ìpayínkeke tí Bíbélì ń wí?"

"Mi ò sọ ti Bíbélì. Mo ní eyín yín ń lọ ara wọn bí ọlọ."

"Irọ́ ni," ó wí, ó gbé fèrè rẹ̀, ó sì jáde.

Ìdánrawò orin wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Richard, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní réluwé tó sì ń fọn fèrè kejì, dìde fún un. Japhet gbé fèrè sẹ́nu. Ẹsẹ kìíní lọ dáadáa. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ní ẹsẹ kejì, ó ṣe tán láti gun ohùn òkè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ó gun ún. Bó ti gbé fèrè kúrò lẹ́nu láti mí, nǹkan yẹ̀ létí rẹ̀ gbì! Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sì padé mọ́.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Kò lọ. Itọ́ ń ṣàn sára ẹ̀wù rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kan ṣáá ló ń jáde, "Aa, aa," bí ọmọ ọwọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé omi ìyàsímímọ́ wá. Richard kò dúró de omi. Ó gbé Japhet sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó fi aṣọ ìnujú bo ẹnu rẹ̀, wọ́n sì forí lé ilé ìwòsàn. Láti ẹ̀yìn alùpùpù yẹn, Japhet rí gbogbo Sabon Gari tó ń wò ó, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìrora nìkan. Ẹ̀rù ń bà á pé bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe wà.

Dókítà Abímbọ́lá kò sọ pé "Mo ti wí fún yín." Ó fi aṣọ wé àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, ó kì wọ́n bọ Japhet lẹ́nu, ó tẹ àgbọ̀n rẹ̀ sísàlẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Àgbọ̀n náà wọlé. Japhet pa ẹnu dé, ó sì sunkún bí ọmọdé.

"Dókítà, ìyàwó mi ní mo máa ń payín keke."

"Ó tọ̀nà. Bí eyín bá ń jà lóru, báwo ni oríkèé ṣe fẹ́ sinmi lọ́sàn-án? Ṣé ẹ ti ṣe tán báyìí?"

"Mo ti ṣe tán. Ṣé yóò san?"

"Yóò dín kù. Mi ò lè búra pé yóò tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn le fún un láti gbé mì ju tsire lọ. Síbẹ̀, ó gbé e lọ sílé. Lójoojúmọ́, Fúnlọ́lá á yan iyọ̀ nínú ìkòkò, á dì í sínú aṣọ, á sì gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kunu àti ẹ̀wà tó rọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ìgbákúùgbà tí Japhet bá rí i pé eyín òkè ti lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, á yà wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kíyè sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò sí wákàtí kan tí kò wa eyín pọ̀: bó bá ń tún fáàfù ṣe, bí oníbàárà bá ń nájà, bí Evelyn bá ń dá a lóhùn ní Hausa nígbà tó bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Fúnlọ́lá náà ń ràn án létí. Á kàn wí pé, "Eyín," òun náà á sì tú u sílẹ̀. Nígbà mìíràn inú á bí i, á dìde, á rìn dé iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, á padà. Ó bẹ Evelyn nítorí ariwo tó pa mọ́ ọn. Ọmọ náà ní òun ti gbàgbé.

Ìkórè dé, Richard ló fọn fèrè. Japhet dúró nítòsí ilẹ̀kùn. Richard ṣi ohùn kan gbé, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi Japhet. Ó jáde, ó rin Church Road já, ó wọlé padà nígbà tí wọ́n ń ka ìbùkún.

Ọyẹ́ mú ìrora náà le, ooru dín in kù. Nínú oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, Dókítà gbà fún un kó máa fọn orin kan lọ́jọ́ ìsinmi, kó má ṣe gun òkè. Fèrè kejì ló gbé. Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ náà gan-an ni Wòlíì Ọlọ́runṣògo pè é síwájú láti jẹ́rìí pé Olúwa ti wò ó sàn. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Japhet mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

"Mo dúpẹ́," ó ní. "Mo lè jẹun. Mo lè fọn orin kan. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ nílé Ọlọ́run. Ó ṣì ń dùn mí. Ó ń dùn mí bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí."

Wòlíì ń wo ilẹ̀. Nígbà náà ni Ìyá Susanna, àgbà obìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, dìde, ó di àga iwájú rẹ̀ mú.

"Orúnkún mi náà," ó wí. "Ọdún méje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jẹ́rìí sí i níbí pé ó ti san."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Wòlíì pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle, ó gbé ọwọ́ kan lé èjìká Japhet, ó sì nawọ́ kejì sí ìyá náà pé kó máa bọ̀ síwájú, kó rọra, kó má kánjú.