Ọ̀nà Ìdí Osè

Ẹ̀ṣẹ́ Abdulrasaq balẹ̀ lẹ́nu Husain. Eyín kan fò jáde, ó bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà Suliat, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọmọ ayò tó ṣìnà.

Láti àárọ̀ ni Suliat ti ń tún eré kọ̀ǹpútà tó ń ṣe sórí ayélujára tò, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn ará Ìwòyè-Kétu tẹ̀wé. Àfi gìrì tí Abdulrasaq àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já wọlé, òun àti Bàrúwà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ Husain, mẹkáníìkì ọ̀kadà, nílẹ̀ bí àpò gààrí. Erùpẹ̀ sàréè ṣì wà lẹ́sẹ̀ Abdulrasaq. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Àúdù àbúrò rẹ̀ ni. Ìdájí òwúrọ̀ yẹn ló ń gbé ìrẹsì bọ̀ láti òdìkejì ẹnubodè, tí àwọn olè yìnbọn pa á lọ́nà ìdí osè, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ àfi àwọn tó ń gbà á.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn," Abdulrasaq wí. "Mi ò fẹ́ kí Màmá mi gbọ́ igbe ẹ̀."

Suliat tì í. Ohùn tó máa ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń lá oyin, irin ló kù nínú ẹ̀ lónìí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra." Ẹ̀jẹ̀ ń dà lágbọ̀n Husain. "Èmi àti Àúdù la jọ jẹun alẹ́ àná. Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

Bàrúwà ta á nípàá níhà. "Ìwọ lò ń wá tún ọ̀kadà wa ṣe nínú igbó. Àbí igi osè ló lanu sọ̀rọ̀?"

Igi osè. Ojú Suliat lọ sára kọ̀ǹpútà.

Eré ẹlẹ́nìkan ni, ìwọ àti kọ̀ǹpútà. Orí ayò ló gbé e kà: ihò kọ̀ọ̀kan di abúlé tàbí igbó, ọmọ ayò di ọlọ́kadà tó gbẹ́rù, kọ̀ǹpútà sì ni olè. Bí o bá ta tán, òun náà á ta, á wá kọ ọ́ síwájú ẹ pé: Ó kàn ọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e jáde, kò sẹ́ni tó jẹ ayò náà rí, àwọn èèyàn sì ń bínú. Ló bá fi ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan sí i tí olè ò mọ̀. Abdulrasaq ló sọ ọ̀nà ọ̀hún fún un, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó gbórí lé itan rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni Suliat ṣe yà á, torí ìfẹ́ ti kún inú rẹ̀ àkúnya.

Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ta ayò náà, ó sì bi í pé ṣé ọ̀nà yìí wà lóòótọ́. Adùn pa á bí ọtí. Ó fèsì: Ó wà. Ọ̀nà olólùfẹ́ mi ni.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Husain ló sì ń wú yìí.

Bàrúwà na ọwọ́ Husain gbalaja sórí tábìlì. Abdulrasaq yọ àdá. Bí Suliat bá dákẹ́, tirẹ̀ ni Abdulrasaq. Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n máa so yìgì wọn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé.

"Rasaq mi," ó ní, "bá mi ta ayò yìí kó o tó gé e."

Bàrúwà fi í rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ọjọ́ ayò lèyí?"

"Ta á. Gba apá ọ̀tún."

Ìka ẹlẹ́jẹ̀ Abdulrasaq kan kọ̀ǹpútà. Ọlọ́kadà kan gbéra, aṣọ pupa wà lọ́wọ́ ọ̀kadà rẹ̀ bíi ti Abdulrasaq gan-an. Igi osè yọ, pẹ̀lú ihò tó wà lára ẹ̀. Oko kajú tẹ̀ lé e.

"Ta ló ń rí èyí?" Abdulrasaq bi í.

"Gbogbo ayé. Ẹnì kan bi mí bóyá ọ̀nà náà wà. Mo ní ó wà."

Àdá gòkè. Suliat ò yẹ̀. Ẹ̀yìn àdá ló bà á léjìká, egungun ró kà, ó sì ṣubú ti Husain. Àdá tún gòkè. Bàrúwà fi Husain sílẹ̀, ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì jà, àga fọ́, kó tó di pé apá Abdulrasaq rọ.

"Èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ," ló wí, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Orí itan ẹ ni mo wà."

Ó jáde. Kò wẹ̀yìn.

Suliat fi ọwọ́ tó kù fa ara rẹ̀ dìde. Kọ̀ǹpútà ti ta tirẹ̀, ó ti jẹ ọlọ́kadà kan. Ó kàn ọ́, ló kọ síbẹ̀. Lágbàlá Bàbá rẹ̀, bí wọ́n bá ta ayò tán, wọ́n á kó àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ padà, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ò ní sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni Suliat ṣe eré tirẹ̀: lẹ́tà kan péré lèèyàn máa tẹ̀, gbogbo wọn á padà wá.

Ó wá lẹ́tà náà. Eyín Husain ló wà lórí ẹ̀.